Àjàní, gba ipò guard náà

Àjàní ọkọ mi,

Mo mọ̀ pé o kò sùn. Ohùn tí o fi bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ni kò jẹ́ kí èmi náà fi ojú kan oorun. Bàbá rẹ ní kí n jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí n tún pè ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, "bẹ́ẹ̀ ni, mà" ni wàá máa sọ títí n ó fi gbé fóònù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sínú ìwé. Jọ̀ọ́, kà á lẹ́ẹ̀mejì kí o tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

O ní kóòṣì ìlà iwájú yín, àwọn tó ń dáàbò bo ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, pè ọ́ sí ọ́fíìsì lẹ́yìn ìdánrawò kẹẹ̀ẹ́dógún, èyí tó kẹ́yìn ti ìgbà ìrúwé. O ní wọ́n sọ fún ọ pé ọmọ tó ti yunifásítì mìíràn wá ní Jánúárì ni yóò bẹ̀rẹ̀ ní left tackle, ìkángun òsì ìlà náà, pé kí ìwọ lọ kọ́ iṣẹ́ right guard, tó wà nínú lápá ọ̀tún. O ní ìwọ̀sí ni. O ní ọdún mẹ́ta lo fi dúró de ipò yẹn, àti pé bí Jánúárì bá ti yí po, wàá kó ẹrù rẹ lọ síbi tí wọ́n ti mọyì rẹ.

Ọmọ mi, mo wà ní pápá lọ́jọ́ spring game, eré tí ẹ bá ara yín gbá nígbà ìrúwé. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ eré yìí nílé ìwé girama, ọwọ́ ni mo máa ń fi bojú títí wọ́n á fi fọn fèrè. N kì í bojú mọ́. Mo ti kọ́ eré náà nítorí rẹ, ìwọ gan-an ni mo sì ń wò, n kì í wo bọ́ọ̀lù. Ní ìdajì kejì, ọmọ tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ yẹn ṣe bí ẹni pé òde ló fẹ́ gbà. Ẹsẹ̀ òsì rẹ tẹ̀ lé e lọ jìnnà. Ó yí padà wọ inú, ó gba abẹ́ apá rẹ kọjá, quarterback yín, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, sì dùbúlẹ̀ kó tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe é. O rí i, mo rí i, kóòṣì rẹ náà rí i.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú ọ wọ inú, sí guard. N kò rò pé ó ju ìgbà mẹ́fà lọ tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù kí eré tó parí. Ọmọ gìrìwò tó dúró níwájú rẹ tóbi jù ọ́ lọ. O kó ọwọ́ méjèèjì sí i láyà, o rọ ìdí sílẹ̀, o sì ń tì í lọ. Àwọn rọ́bà dúdú wẹ́wẹ́ inú koríko àtọwọ́dá yẹn ń ta sókè lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń wá ibi tí yóò tẹsẹ̀ mọ́ tí kò rí. Ìyá ọmọ tó ń ṣe center yín, ní àárín ìlà gan-an, di apá mi mú, ó ní, "Ọmọ ta nìyẹn?" Mo ní, "Ọmọ mi ni." Àjàní, kò sí ohun tí o ṣe ní tackle ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ náà tó mú ẹnikẹ́ni bi mí ní ìbéèrè yẹn.

Gbangba ni tackle ti ń jà. Ẹsẹ̀ ló fi ń ṣe é, àti apá gígùn. Guard, inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tirẹ̀: ẹni tó bá wà níwájú rẹ kò ní ibi tí yóò yà sí, ìwọ náà kò ní. Agbára ìtan àti ọwọ́ tó yára mú nǹkan ló ń gba ibẹ̀, Ọlọ́run sì fún ọ ní méjèèjì. Apá rẹ kò gùn tó ti Olu Fashanu, tackle inú NFL, líìgì àwọn tó ń fi eré yìí ṣiṣẹ́ ṣe, tí o lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ, kò sì sí ìdánrawò tó lè fà á gùn. N kò fi bú ọ o. Bàbá rẹ ló ni apá yẹn.

Jẹ́ ká ka orí wọn níkọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka ọmọ ilé. Ènìyàn márùn-ún ló ń bẹ ní ìlà iwájú. Left tackle, àlejò ọjọ́ Jánúárì ti gbà á. Left guard wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì lọ. Center náà wà. Right tackle yín kò ṣeé ṣí nídìí. Right guard wá ńkọ́? Ẹni tó ń ṣe é ti gboyè jáde, èyí tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún nínú oṣù Àpírì. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé kò lè padà kí Òkìtóbà tó dé. Àwọn tó kù lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ọmọdé méjì tí wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní Júnì. Àjàní, ipò kan ṣoṣo ló ṣófo nínú márùn-ún, òun gan-an ni wọ́n sì fi lọ̀ ọ́. Níbo ni ìwọ̀sí wà nínú ìyẹn?

Tún ro ti òǹkà ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Láyé àtijọ́, márùnlélọ́gọ́rin (85) ni skọ́láṣípù, ṣùgbọ́n kóòṣì lè kó àwọn walk-on, àwọn tí kò ní skọ́láṣípù, jọ lẹ́yìn wọn bó ṣe wù ú. Láti ìgbà tí adájọ́ Claudia Wilken ti fọwọ́ sí àdéhùn tó parí ẹjọ́ àwọn eléré àti NCAA, àjọ eré ìdárayá àwọn yunifásítì, ní ọjọ́ kẹfà oṣù Júnì 2025, gbogbo ilé ìwé tó wọ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ju ènìyàn 105 lọ nínú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. O rántí ìgbà ìrúwé ọdún náà, bí wọ́n ṣe ń yọ àwọn ọmọ kúrò nínú ẹgbẹ́ káàkiri kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i rárá. Ẹkún ìyá ọ̀kan nínú wọn ṣì wà létí mi. Nínú 105 yìí, ta ni kóòṣì máa ń fẹ́ fi sílẹ̀? Ẹni tó mọ ibì kan ṣoṣo, tàbí ẹni tó lè dúró ní guard lọ́sẹ̀ yìí, kó sì dúró ní tackle lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ẹlòmíràn bá farapa? Bí o bá kọ́ guard, tackle kò kúrò lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ilé wa níbí kò jìnnà sí pápá Cowboys, ẹgbẹ́ NFL ti Dallas, nítorí náà má ṣe jẹ́ kí n máa sọ ìtàn Zack Martin fún ọ bí ẹni pé o kò mọ̀ ọ́n. Left tackle ló ń ṣe ní Notre Dame. Àwọn tó ń díwọ̀n ènìyàn ní apá rẹ̀ kò gùn tó fún tackle ní NFL. Ní 2014, Cowboys mú un ní ipò kẹrìndínlógún nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL ń yan àwọn eléré tuntun, wọ́n gbé e wọ guard, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n sì yàn án sí Pro Bowl, eré àwọn tó tayọ jù, kó tó fẹ̀yìn tì. Dare Ogunbowale ńkọ́, ọmọ tiwa? Walk-on ló fi wọ Wisconsin, láàárín àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ló sì wà kí wọ́n tó sọ ọ́ di running back, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Ṣé o rántí ọjọ́ tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Texans, pàdé Tampa Bay ní 2023? Ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn farapa, wọ́n wò yíká, Dare ló jáde wá, ó gbá a wọlé. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a pariwo nínú pálọ̀ yìí. Kò sọ pé iṣẹ́ òun kọ́ nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí n kò sọ fún ọ rí.

Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ilé ìdáná ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ti lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀. Ipò alábòójútó ṣófo, wọ́n sì fi obìnrin kan sí i, èyí tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́. Ọ̀gá wa pè mí, ó ní òun fẹ́ kí n bọ́ sí apá ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ àwọn aláìsàn, àwọn tí dókítà ń kọ ohun tí wọ́n lè jẹ fún. Lójú mi, ìrẹ̀sílẹ̀ ni. Mo bọ́ épúrọ̀n mi, mo ká a, mo fi lé orí tábìlì rẹ̀, mo jáde. N kò bi í ní ìbéèrè kankan. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìnṣọ́ránsì wa parí pẹ̀lú oṣù náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí etí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́ lóru, o ń ké, o ń fi orí gbá mi láyà. Bàbá rẹ gbé ọ lọ sí yàrá pàjáwìrì ní nǹkan bí aago méjì òru. Ó lé ní ọdún kan tí a fi ń san owó òru ọjọ́ kan yẹn díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó gba iṣẹ́ oúnjẹ aláìsàn tí mo kọ̀, wọ́n rán wọn lọ kọ́ ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ ló san owó rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ló sì wá di ọ̀gá gbogbo ilé ìdáná náà lẹ́yìn ọdún méjì. Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀. Bí mo bá bi ọ̀gá yẹn pé, "Kí ló dé tí ẹ fi ní kí n lọ síbẹ̀?", ó ṣeé ṣe kó sọ ọ́ fún mi.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Lọ́jọ́ Ajé, kí ó tó di aago mẹ́wàá, lọ bá kóòṣì rẹ fúnra rẹ. Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Kí wọn dáadáa, jókòó, kí o sì bi wọ́n pé: kí ni ẹ rí lára mi tí ẹ fi rò pé mo lè ṣe guard? Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe láti ìsinsìnyí títí di Ògọ́ọ̀sì kí n lè bẹ̀rẹ̀ ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́? Kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀ níwájú wọn. Bó bá jẹ́ pé wọn kò ní èsì gidi, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ń fi ọ pamọ́, ojú wọn yóò sọ fún ọ. Nígbà náà, èmi fúnra mi yóò bá ọ wá ibòmíràn. Kì í ṣe pé mo ní kí o kú síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn wo lo tilẹ̀ fẹ́ gbà jáde báyìí? Fèrèsé portal, ibi tí eléré tó fẹ́ pààrọ̀ ilé ìwé ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n máa ń ṣí ní Àpírì, NCAA ti tì í pa. Ti Jánúárì nìkan ló kù, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ó túmọ̀ sí pé o máa gba sáà yìí já níbẹ̀, bí inú rẹ dùn, bí kò dùn. Bí o bá sì fẹ́ lọ ní Jánúárì lóòótọ́, èwo ló yá láti gbé lọ: fídíò ẹni tó ṣe guard ní gbogbo sáà, tàbí ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn left tackle? Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń kọ orúkọ wọn sínú portal tí ẹnikẹ́ni kì í pè. O mọ méjì nínú wọn.

Ọkùnrin tó ń pè ọ́ lóru, tó ní òun mọ kóòṣì kan tó fẹ́ ọ, sọ fún un pé ìyá rẹ fẹ́ bá a sọ̀rọ̀. Òfin NCAA kò gbà kí kóòṣì ilé ìwé mìíràn gba ẹ̀yìn wá bá ọ sọ̀rọ̀ nígbà tí orúkọ rẹ kò tíì sí nínú portal, bó ti wù kó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló rán. Mo mọ̀ pé owó wà níta. Ogún mílíọ̀nù àti ààbọ̀ dọ́là ni òté owó tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lè pín fún àwọn eléré rẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́ àdéhùn yẹn, mo sì fẹ́ kí tìrẹ kàn ọ́. Ṣùgbọ́n má fọwọ́ sí ìwé kankan tí lọ́yà kò tíì kà. Má sì gbàgbé pé ìjọba ń gba owó orí nínú rẹ̀.

Ní ti Fashanu tó wà lára ògiri rẹ, òun náà dúró. 2020 ló wọ Penn State. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn sáà 2021 ló tó bẹ̀rẹ̀ eré nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n wá ń sọ pé kó máa lọ sí NFL ní 2023, ó padà sílé ìwé, ẹgbẹ́ Jets sì mú un ní ipò kọkànlá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìwé tìrẹ ku sẹ́mẹ́sítà mẹ́ta. Bí o bá ṣí kiri, kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ni wọn yóò gbà wọlé níbi tí o bá dé, bàbá rẹ kò sì ní fara mọ́ ọn.

Èmi ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Èlùbọ́ rẹ ti wà nínú àpò, mo sì ti se gbẹ̀gìrì sínú ike mẹ́rin, mo gbé e sínú fíríìsà. Tọ́jú ìka rẹ tó wú yẹn, fi áìsì sí i lálẹ́, má kàn fi téèpù dì í. Bí o bá ti jáde lọ́dọ̀ kóòṣì lọ́jọ́ Ajé, pè mí kí o tó pe ẹnikẹ́ni. N ó gbé fóònù sápò níbi iṣẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Màmá Àjàní