Lẹ́tà láti Ìkéré: ìbéèrè tí mo gbé tọ bàbá lọ

Ìkéré-Èkìtì

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù o, o kú àfaradà. Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà lálàáfíà, a dúpẹ́.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. O ní látìgbà tí ìyá yín ti kú, àdúrà kò wá sí ọ lẹ́nu mọ́. O sì ní nígbà tí o bi àwọn ará ìjọ yín pé ibo ni gbogbo àwẹ̀ àti ìṣọ́ òru yẹn já sí, wọ́n ní àìgbàgbọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ìbéèrè kan náà ni mo gbé tọ bàbá kan lọ nígbà tí àbúrò mi kú.

Bàbá náà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ilé rẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹsẹ̀ òkè Olósùnta. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, èmi ni mo máa ń ka Bíbélì sókè fún un. Ó ní kí n ka orí kejì ìwé Jóòbù. Mo ka ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù mẹ́ta, Élífásì, Bílídádì àti Sófárì, ti jókòó tì í nílẹ̀ fún ọjọ́ méje láìfọhùn. Ó ní, "Dúró níbẹ̀. Títí dé ibí, ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n. Ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ba nǹkan jẹ́."

Ó tún ní kí n ṣí orí 42, ẹsẹ keje. Àwọn ọ̀rẹ́ tó ń gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí! Jóòbù tó ń jiyàn, tó fi ọjọ́ ìbí ara rẹ̀ bú, òun ni Ọlọ́run ní ó sọ òtítọ́ nípa òun. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìwàásù nípa sùúrù Jóòbù, kò sẹ́ni tó fi ẹsẹ yẹn hàn mí rí. Bàbá ní kí n wá gbogbo ìwé náà bóyá màá rí ibi tí Ọlọ́run ti sọ ohun tó fa ìyà náà fún un. Kò sí. Ọlọ́run dá a lóhùn, àmọ́ kò sọ ìdí rẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ìyẹn wá tó, bàbá?" Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní kí n ṣí Sáàmù 88. Òkùnkùn ni sáàmù yẹn parí sí, kò padà sí ìyìn rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ tó gbẹ̀yìn, mo rí déètì kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ, tó ti ń parẹ́. Ọjọ́ tí àkọ́bí rẹ̀ kú ni. Ó ní fún ọ̀pọ̀ oṣù, sáàmù yẹn nìkan ni òun lè kà, nítorí òun kò ní láti purọ́ kí òun tó kà á. Ẹkún gbọ̀n mí.

Mo tún bi í nípa àwọn baba ńlá wa. Ìwọ náà mọ̀ pé lẹ́yìn àdéhùn àlàáfíà ogun Kírìjì ní 1886, lára àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú ló gbé ìyìn rere padà wálé. Àwọn tó ti kú kí wọ́n tó dé wá ńkọ́? Bàbá kò dá wọn lẹ́bi, kò sì dá wọn láre. Ó ní Ábúráhámù dúnàádúrà pẹ̀lú Ọlọ́run lórí Sódómù, láti orí àádọ́ta olódodo títí dé orí mẹ́wàá, Ọlọ́run kò lé e. Ó ní Ábúráhámù béèrè níbẹ̀ bóyá Onídàájọ́ gbogbo ayé kò ní ṣe ohun tó tọ́, ọwọ́ Onídàájọ́ yẹn ni òun fi àwọn baba wa sí. Kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn tán, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká jọ ka Róòmù orí kejì.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ fún un, n kò dárúkọ rẹ. Kò béèrè bóyá o ṣì gbàgbọ́. Ohun tó béèrè ni irú èèyàn tí ìyá yín jẹ́. Jọ̀ọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́, má dín in kù. Èmi ni màá kà á fún un.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́