Ẹ má gbá àjákù aṣọ dànù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ó máa ń dùn mí tí aránṣọ bá gbá àjákù aṣọ dànù. Ègé tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 50, tó fẹ̀ tó 10, ti tó rán ìdìrun, ìyẹn rọ́bà aláṣọ tí a fi ń so irun. Ẹ ṣẹ́ ẹ po ní òòró, kí ojú aṣọ wà nínú. Ẹ rán etí rẹ̀, kí ẹ yí i síta. Ẹ fi píìnì fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 gba inú rẹ̀. Ẹ di ìdí rọ́bà náà mú ṣinṣin o! Tèmi ti sá wọlé rí, ńṣe ni mo tún un fà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ so orí rọ́bà méjèèjì pọ̀, kí ẹ fọwọ́ rán ẹnu aṣọ pa. Sátíínì ni mo fẹ́ràn jù: kì í fa irun já bíi rọ́bà lásán. Ọmọ mi obìnrin kò lo òmíràn mọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ