Àpò tí a ó gbé dé Ṣábẹ̀

Kétu, alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, bàbá rẹ sì ní kí n kí ọ. Mo rí fọ́tò àwọn ẹrù tí o ti ń rà ní Kánádà sílẹ̀ de ìrìn ẹsẹ̀ wa láti Kétu dé Ṣábẹ̀, ní Benin níbí. Inú mi dùn pé o ò gbàgbé àdéhùn wa. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, bí wọ́n bá ṣì lè gba àpò ńlá yẹn padà lọ́wọ́ rẹ, dá a padà. Àpò tó gba 80 lítà! Bí àyè bá ti wà nínú àpò, a ó máa wá nǹkan kún un ni. Kó ohun tí o máa gbé jọ ná, kí o tó wá àpò tó gbà á. Èyí tó gba 40 lítà tó wa, bó bá ti ní ìgbànú tó nípọn tó ń jókòó lé egungun ìbàdí. Ṣé o rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fara balẹ̀ ká òṣùká kí wọ́n tó ru iṣu lọ sọ́jà? Ìgbànú yẹn ni òṣùká tiwa. Ìbàdí ni kó ru ẹrù, kì í ṣe èjìká.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ, torí ó dùn mí. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ tó kọjá, èmi nìkan gbìyànjú ọ̀nà yìí. Kìlò 17 ni mo gbé. Lọ́jọ́ kejì, èjìká mi ti bó, zémìjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, ló gbé mi padà sílé.

Òru ọjọ́ kìíní gan-an ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ọyẹ́ ń fẹ́. Mo tẹ́ ẹní lásán, mo fi kíjìpá ìyá mi bora. Òkè ara mi gbóná, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ tí mo fi kanlẹ̀ tutù bí omi àmù. Ilẹ̀ ló ń fa ooru ara mi lọ. Mo ká apá kan kíjìpá náà sábẹ́, kò ràn mí lọ́wọ́, torí aṣọ tí a bá sùn lé ti pẹlẹbẹ, kò lè mú ooru dúró mọ́. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni mo ń yí kiri.

Nítorí náà, ohun tí a ó tẹ́ ni kí o kọ́kọ́ náwó lé. Ra fóòmù tó ṣeé ká, tí kì í fa omi. Òmíràn wà tí kò ju nǹkan bíi 400 gíráàmù lọ. Èyí tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí rọ̀ lára jù ú lọ, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gún igbó wa.

Àpò ìsùn tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ó wà fún òtútù -15°C yẹn, òógùn ni wàá fi wẹ̀ nínú rẹ̀ níbí. Wá èyí tó dà bí ìbora, tí kò ní ẹ̀yìn. Nọ́ńbà méjì ló sábà máa ń wà lára wọn: ọ̀kan fún ẹni tó fẹ́ sùn nírọ̀rùn, ìkejì fún ẹni tó kàn ń fara dà á. Ti àkọ́kọ́ ni kí o wò. Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ló fúyẹ́ jù. Bó bá rin omi, kì í mú ara gbóná mọ́, àmọ́ ìgbà ọyẹ́ kọ́ ni òjò ń rọ̀.

Má gbé tẹ́ǹtì wá. Mo ti ra àwọ̀n ẹ̀fọn àti tapólì. Abúlé tí ilẹ̀ bá ṣú wa sí, a ó kí baálẹ̀, a ó sì tọrọ ibi tí a ó sùn.

Ní 1955, ìyá ẹni ọdún 67 kan ní Amẹ́ríkà, Emma Gatewood, fẹsẹ̀ rin ọ̀nà Appalachian já, ó lé ní 3,000 kìlómítà. Àpò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló gbé kọ́ èjìká, pẹ̀lú ìbora kan àti aṣọ ike balùwẹ̀ tó fi ń gba òjò. Ìyá yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Kétu sí Ṣábẹ̀ lé ní 70 kìlómítà.

Omi nìkan ni a ò lè dín kù. Lítà kan, kìlò kan. Lítà mẹ́rin-mẹ́rin ni a ó sì máa gbé.

Gbé gbogbo ẹrù rẹ lé ìwọ̀n, kí o kọ iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Bó bá ju kìlò 6 lọ láìka omi àti oúnjẹ, a ó jọ wo ohun tí a lè yọ. Ìdájí ni a ó kúrò ní Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní