Kí àwọn ẹ̀ka jiọ́lọ́jì apá Àríwá jọ lo ohun tí wọ́n ní

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ jiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ní àwọn yunifásítì apá ìhín ló mú mi kọ̀wé sí yín. Iṣẹ́ kànga ẹ̀rọ ni mò ń ṣe ní Àbújá, ọ̀dọ̀ mi sì ni díẹ̀ nínú wọn ti máa ń wá iṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde. Ọlọ́gbọ́n ọmọ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹ̀rọ tí a fi ń rán iná mànàmáná sínú ilẹ̀ láti wá omi síwájú wọn, ẹ ó rí i pé inú ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ti pàdé rẹ̀.

Ilẹ̀ Àbújá kò gba irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Òkúta líle ló wà lábẹ́ wa, irú tó wà nílẹ̀ Ìbàdàn àti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí omi nínú rẹ̀ àfi níbi tó bá ti sán, tàbí níbi tó ti jẹrà di erùpẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ yóò gbẹ́ ilẹ̀ títí, eruku ni yóò máa tú jáde, owó oníbàárà yóò sì ti ṣòfò.

Wọ́n á ní kò sówó. Òótọ́ ni. Síbẹ̀, Zaria, Minna, Jos àti Keffi ni ẹ̀ka jiọ́lọ́jì wà, tí ẹ bá sì gbéra ní Àbújá láàárọ̀, ilẹ̀ kò ní í ṣú kí ẹ tó dé èyíkéyìí nínú wọn. Kí ló dé tí oníkálukú fi ń dá tọrọ ẹ̀rọ tirẹ̀? Kí ènìyàn tó lè fi maikirosíkóòpù wo inú òkúta, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e, kí wọ́n sì rẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́lẹ́ tó 0.03 mílímítà, kí ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ ọwọ́ tó gba sùúrù ni. Òṣìṣẹ́ kan tó mọ̀ ọ́n ṣe, tó ní ẹ̀rọ tó pé, lè ṣe é fún yunifásítì mẹ́rin. Lábù ìjọba àpapọ̀ tó wà fún àyẹ̀wò òkúta sì wà ní Kaduna, lábẹ́ NGSA, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìwádìí ilẹ̀ àti òkúta. Síbẹ̀ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ṣì ń fi òkúta ránṣẹ́ sí Kánádà, wọ́n ń san dọ́là.

Ìmọ̀ yìí gan-an kò ṣeé dá ṣe. Nígbà tí ilẹ̀ mì ní Mpape ní Àbújá níbí ní oṣù kẹsàn-án 2018, tí àwọn ènìyàn sá jáde nílé, a rántí pé Kwoi ní gúúsù Kaduna ti mì lọ́dún 2016. Kí a tó lè fi ìdánilójú sọ ibi tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, ó kéré tán, ẹ̀rọ mẹ́ta tó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, ní ibi mẹ́ta, ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kí àwọn tó ni wọ́n sì fi ohun tí wọ́n gbọ́ han ara wọn.

Ti Zamfara ló ń dùn mí jù. Ní 2010, àwọn ará abúlé ń lọ òkúta wúrà nínú agbo ilé wọn, òjé tó jẹ́ májèlé wà nínú òkúta náà, ó sì pa ọmọdé tó lé ní 400. Kí wúrà àti òjé jọ wà nínú òkúta kan kì í ṣe tuntun sí onímọ̀ jiọ́lọ́jì. Ká ní àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí jọ ń rìn káàkiri ibi ìwakùsà, pẹ̀lú àwọn dókítà, ẹnìkan ì bá ti kìlọ̀ fún àwọn ìyá wọ̀nyẹn.

Ìrìn ìwádìí gan-an ti di ìṣòro nítorí àìsí ààbò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń yípo òkúta ẹ̀yìn ọgbà ilé-ìwé wọn lọ́dọọdún. Bí yunifásítì mẹ́rin bá jọ pa àgọ́ kan, tí wọ́n jọ sanwó ẹ̀ṣọ́, wọ́n á lè dé ibi tó yẹ.

Mo mọ̀ pé ìgbéraga wà níbẹ̀: orúkọ ta ni yóò ṣáájú lórí ìwé ìwádìí, ta ni yóò di kọ́kọ́rọ́ mú. Zaria ni ẹ̀gbọ́n, láti 1962 ni Yunifásítì Ahmadu Bello ti wà. Kí wọ́n pe àwọn àbúrò. Kí TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, náà máa fún àwọn tó bá kóra jọ lówó ẹ̀rọ ńlá, pẹ̀lú àdéhùn lórí ẹni tí yóò lò ó lọ́jọ́ wo àti ẹni tí yóò tún un ṣe. Ọdọọdún ni NMGS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìwakùsà àti jiọ́lọ́jì, ń ṣe àpérò tó ń kó àwọn olórí ẹ̀ka wọ̀nyí jọ. Kí oníkálukú mú àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ dání wá sí èyí tó ń bọ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ti bàjẹ́, kí wọ́n sì fi ọ̀sán ọjọ́ kan jókòó tì í.

Èmi ni tiyín,
Agbẹ́-kànga kan ní Kubwa, Àbújá