Àbẹ̀kẹ́, Sẹ́ẹ̀lì Ta Ni?

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ti gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ próstéètì mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ooru rẹ̀ ò tíì fi mí sílẹ̀: láàárín òru, òógùn á kàn ṣàdédé bò mí, màá dìde lọ dúró níwájú fáànù. Ìyá rẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín, ó ní òun nìkan kọ́ ló ń làágùn nínú ilé mọ́.

O ní Charles Huggins ní Chicago ló fi hàn ní 1941 pé testosterone, èròjà inú ara tó ń sọ wá di ọkùnrin, ni oúnjẹ jẹjẹrẹ próstéètì, pé ìyẹn ló fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1966. Ìyẹn yé mi: abẹ́rẹ́ yìí ni wọ́n fi ń febi pa tèmi. Èyí tí ìwọ ń wádìí ló ká mi lára, pé tó bá yá, ihò kọ́kọ́rọ́ á kúrò lára àgádágodo tí testosterone ń ṣí nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà, síbẹ̀ ilẹ̀kùn á máa ṣí. Olè paraku ni nǹkan yìí!

Ṣùgbọ́n o ní LNCaP, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ próstéètì tí wọ́n ń tọ́jú sí ilé ìwádìí, lẹ fi ń ṣiṣẹ́ jù, pé ara òyìnbó ẹni àádọ́ta ọdún kan ní Buffalo ni wọ́n ti gbà á ní 1977. Mẹkáníìkì ni mí. Mi ò jẹ́ tú Píjò 504 kan ṣoṣo kí n ní mo ti mọ àrùn gbogbo mọ́tò. Àwa ọkùnrin dúdú ni àìsàn yìí ń bá jà jù. Bi ọ̀gá rẹ bóyá ẹ lè fi MDA PCa 2b kún un, irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tó ti ara egungun ọkùnrin dúdú wá. Má tijú. Bí èsì méjèèjì ò bá bára mu, kọ ọ́ bó ṣe rí, kódà bó bá fi ọdún kan kún ẹ̀kọ́ rẹ.

Lọ́jọ́ tí o bá sì dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá arúgbó láti gba ẹ̀jẹ̀, kọ́kọ́ kí wọn ná. Ní ọsibítù tí mo kọ́kọ́ lọ, ọmọdé kan fa ẹ̀jẹ̀ mi kún ìgò mẹ́ta, mo kà wọ́n, kò kí mi, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Títí dòní mi ò mọ ibi tí ìgò kẹta lọ. Sọ ohun tí ò ń wá fún wọn, kí o sì padà wá sọ ohun tí o rí.

Oṣù tó ń bọ̀ ni èmi àti PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹjẹrẹ yìí, tún máa fojú kanra, màá ránṣẹ́ iye tó jẹ́ sí ọ. Ìyá rẹ ń bi ọ́ bóyá èlùbọ́ ti tán.

Bàbá rẹ