Owó orí èéfín tí kò ní padà sápò aráàlú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti buwọ́ lu òfin owó orí tuntun ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 ni awuyewuye ti ń lọ lórí 5% tí òfin náà fẹ́ bù lé bẹntiróòlù àti dísẹ̀lì. (Wọ́n yọ kẹrosíìnì àti gáàsì ìdáná sílẹ̀, a dúpẹ́.) Àwọn kan ní ìwà ìkà ni. Àwọn mìíràn ní bí ayé ṣe ń gbógun ti àyípadà ojú ọjọ́ nìyẹn. Èmi kò sí lẹ́yìn ikọ̀ méjèèjì. Mo gbà pé ẹni tó bá ń tú èéfín sójú ọ̀run yẹ kó san nǹkan kan, èyí tí wọ́n ń pè ní owó orí èéfín. Èyí tí mi ò gbà ni pé kí owó náà wọ àpò ìjọba, kí a má sì gbúròó rẹ̀ mọ́.

Láti ọdún 1920 ni Arthur Pigou, onímọ̀ ọrọ̀-ajé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti là á yéni pé bí òwò ẹnì kan bá ń pa ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa òwò náà lára, kí wọ́n bu owó lé ìpalára yẹn. Bí owó bá ti wà lórí rẹ̀, kálukú á wá ọ̀nà tirẹ̀: ẹni tó máa ra sólà á rà á, ẹni tó máa tún ẹ́ńjìnnì ṣe á tún un ṣe, ẹni tí kò rí ọgbọ́n kankan dá á sanwó. Ó sàn ju kí òṣìṣẹ́ ìjọba jókòó sí Àbújá kó máa yan ẹ̀rọ fún àwọn tó ń lọ ata ní ọjà Bódìjà.

Àwọn tó fara mọ́ èrò yìí kò sì dúró síbẹ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019, 27 lára àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé tó ti gba ẹ̀bùn Nobel fọwọ́ sí ìwé kan ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tó ti ṣe olórí báǹkì àpapọ̀ ibẹ̀ rí. Wọ́n ní kí wọ́n gba owó orí èéfín, ṣùgbọ́n kí gbogbo rẹ̀ padà sọ́wọ́ aráàlú lọ́gbọọgba, kí ìjọba má fi sanra. Kánádà gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ láti ọdún 2019, wọ́n ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé. Síbẹ̀ inú ọ̀pọ̀ èèyàn kò dùn sí i, nígbà tó sì di ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba Mark Carney, olórí ìjọba Kánádà, dá èyí tó kan aráàlú dúró. Bí àwọn tí owó ń wọlé sí báǹkì wọn bá kọ̀ ọ́, kí ni kí a retí níbi tí kọ́bọ̀ kan kò ti ní padà?

Àwọn aláṣẹ ní ọ̀nà mọ́tò ni àwọn fẹ́ fi 5% yìí ṣe. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n pè é ní owó ọ̀nà, kí wọ́n má fi èéfín bò ó lójú.

Èyí tó jọ owó orí èéfín jù lọ nílẹ̀ yìí ti dé tẹ́lẹ̀, kò kàn sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Jálá bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì kọjá ₦1,000 lọ́dún 2024. Ojú wa rí màbo. Ṣùgbọ́n ẹ gbójú sókè wo òrùlé: ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rígẹ̀rí, ilé ìtajà oògùn, ṣọ́ọ́ṣì, mọ́sáláṣí, sólà ti wà níbẹ̀. Ìjọba kọ́ ló rà á fún wọn. Àfi bí mínísítà ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe bọ́ síta lọ́dún 2025 kan náà, tó ní ìjọba ń gbèrò àtifòfin de kíkó sólà wọlé láti òkè òkun! Wọ́n fẹ́ kí a sá fún epo, wọ́n tún fẹ́ ti ilẹ̀kùn tí a fẹ́ gbà sá.

Bí gbogbo jẹnẹrétọ̀ ilẹ̀ yìí bá tilẹ̀ dákẹ́ lọ́la, èéfín epo tiwa kò pé 1% ti gbogbo ayé, òjò á ṣì máa rọ̀. Àwa ará Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ọdún 1980 àti ti ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, tó pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Níbi yìí, ọjà, ìyẹn káràkátà láàárín olùrà àti olùtà, lè ràn wá lọ́wọ́ bí wọ́n bá jẹ́ kó ríran. Kí ìjọba gbé àwòrán jáde, ní pulọ́ọ̀tì sí pulọ́ọ̀tì, tó fi ilẹ̀ tí omi odò máa ń gbà hàn, kí olùrà, báǹkì àti iléeṣẹ́ adójútòfò rí i. Kò ní sí ọmọ onílẹ̀ tó máa lè ta ojú omi ní iye ilẹ̀ gbígbẹ mọ́.

Àwọn alágbàwí ọjà ẹgbẹ́ mi kì í fẹ́ gbọ́ èyí tó kàn: ọ̀pọ̀ tó ń gbé etí odò ló mọ̀ pé omi ń bọ̀. Ibẹ̀ ni owó wọn ká. Àwòrán ilẹ̀ kò lè kó irú wọn kúrò, owó ló lè kó wọn.

Òfin yẹn sọ pé gbígba 5% náà kò ní bẹ̀rẹ̀ títí mínísítà ètò ìṣúná yóò fi gbé àṣẹ jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àṣẹ náà gan-an pé èló ló máa padà sọ́wọ́ aráàlú, àti èló ló máa kó àwọn ará etí odò lọ sórí òkè. Bí wọn ò bá lè kọ ọ́, kí wọ́n má fọwọ́ sí i.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn