Ta Ló Kọ Ìparí Ìwé Máàkù?

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé yín kan kọ, níbi tó ti ní láti ọ̀run ni gbogbo Bíbélì ti wá, pé ọmọ aráyé kan kò fi nǹkan kún un, kò sì yọ nǹkan kúrò. Ó wá fi ẹsẹ kan ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, èyí tí gbogbo wa ti gbọ́ ní ìsọjí títí tó fi wọ̀ wá lára: pé àmì wọ̀nyí ni yóò máa bá àwọn tó gbàgbọ́ lọ, wọn yóò lé ẹ̀mí èṣù jáde, wọn yóò gbé ejò lọ́wọ́, bí wọ́n bá sì mu ohun tó ń pani, kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Nínú gbogbo ẹsẹ tó wà nínú Májẹ̀mú Tuntun, òun gan-an ni kò yẹ kí ó mú. Máàkù orí 16 ló ti fà á yọ, ẹsẹ 17 àti 18. Ẹ̀dà méjì tó lọ́jọ́ lórí jù lọ tí ìparí Máàkù wà nínú wọn, ọ̀rúndún kẹrin ni wọ́n ti kọ wọ́n, lórí awọ ẹran, ní èdè Gíríìkì. Ọ̀kan wà ní Vatican. Ìkejì, ilé àwọn mọ́ńkì ní ẹsẹ̀ òkè Sínáì ni wọ́n ti rí i láàárín ọdún 1844 sí 1859. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti wà ní British Library ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí. Nínú Bíbélì wa, orí 16 yìí dé ẹsẹ 20, ṣùgbọ́n nínú àwọn méjèèjì, ẹsẹ 8 ni Máàkù parí sí. Àwọn obìnrin dé ibojì, wọ́n bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ó ní Jésù ti jíǹde. Wọ́n sá jáde, wọ́n ń gbọ̀n, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ̀rù bà wọ́n. Ó tán. Jésù kò fara han ẹnì kankan, ejò kò sí níbẹ̀, májèlé kò sí níbẹ̀. Lúùkù ló kàn. Ẹni tó kọ ti Vatican tilẹ̀ fi àyè sílẹ̀ lófìfo kí ó tó bẹ̀rẹ̀ Lúùkù.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn aláìgbàgbọ́ òde òní hùmọ̀. Eusebius, bíṣọ́ọ̀bù Kesaríà, ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin yẹn pé ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀dà tó péye dúró sí. Jerome tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Látìn náà sọ ohun tó jọ ọ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún Májẹ̀mú Tuntun tiwọn ṣe ní 1881, wọ́n kọ ọ́ sí etí ìwé pé ẹ̀dà méjì tó lọ́jọ́ lórí jù lọ náà kò ní ẹsẹ 9 títí dé ìparí. Bíbélì Yorùbá tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi kò ní àmì kankan níbẹ̀. Ẹsẹ 9 kàn tẹ̀lé ẹsẹ 8 bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Mi ò ní ànà ni wọ́n fi kún un o. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìgbà àtijọ́ kan, ti mẹ́nu ba ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ náà ní nǹkan bí ọdún 180. Ó pẹ́, àmọ́ pípẹ́ kò sọ ọ́ di ti Máàkù.

Kí ló dé tí ẹnì kan fi ní láti parí ìwé náà fún un? Ẹ wo àwọn tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí gbà pé Máàkù ló kọ́kọ́ wà, ní nǹkan bí ọdún 70, bí ogójì ọdún lẹ́yìn ikú Jésù, àti pé Mátíù àti Lúùkù ní in níwájú wọn nígbà tí wọ́n ń kọ tiwọn. Mátíù ní Gálílì ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti lọ pàdé Jésù. Lúùkù ní wọn kò gbọdọ̀ kúrò ní Jerúsálẹ́mù. Pọ́ọ̀lù, tó ti kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì ṣáájú gbogbo wọn, ka orúkọ àwọn tí Jésù fara hàn. Kò mẹ́nu kan obìnrin kankan níbi ibojì. Lójú tèmi, ìtàn tó ń dàgbà lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́ nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ní kò sí Jésù. Tacitus, òpìtàn ará Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 116, kọ ọ́ pé Pílátù pa Kristi nígbà ìjọba Tìbéríù, Josephus, òpìtàn Júù, sì dárúkọ Jákọ́bù arákùnrin Jésù. Pé wọ́n kan ọkùnrin kan mọ́ àgbélébùú, mo gbà. Pé ó jí dìde, ẹ̀rí mìíràn ni ìyẹn ń fẹ́.

Ẹsẹ tí a ń sọ yìí sì ti pa ènìyàn. Ní Tennessee, ní Amẹ́ríkà, George Went Hensley bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ejò nínú ìsìn ní nǹkan bí ọdún 1910 nítorí rẹ̀. Ní 1955, ejò bù ú ṣán nínú ìsìn ní Florida, ó kọ̀ kí wọ́n tọ́jú òun, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Òun nìkan kọ́. Ní tiwa níbí, mi ò tíì rí pásítọ̀ tó gbé oká lọ́wọ́. Gbígbé ọwọ́ lé aláìsàn, tó wà nínú ẹsẹ 18 kan náà, ni wọ́n mú, wọ́n sì fo ejò dá.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní ìgbàgbọ́ ni, kì í ṣe ìwádìí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé yín kò pè é ní ìgbàgbọ́, ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni, pé ọwọ́ ènìyàn kò kàn án. Kí ó wá sọ fún wa nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀: ọwọ́ ta ló kọ ẹsẹ 9 sí 20, kí sì ló dé tí wọn kì í sọ ọ́ fún ìjọ?

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.